Ẹ̀wù Sójà Tí Ìyàwó Mi Rán fún Ọ̀gá Akọrin

Òórùn káńfọ̀ ló gba yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́dún náà. Ìjọ ìlú ìyàwó mi ní Oǹdó ló ká kọ́tìnì àrán pupa tí wọ́n ti fi bo ẹnu ọ̀nà yàrá àlùfáà láti ayé àwọn òyìnbó, wọ́n kó o sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì gbé e lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pé kó fi rán aṣọ eré. Bí ó ṣe tú u sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òórùn káńfọ̀, eruku àti òórùn àbẹ́là dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ wa obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àti oúnjẹ tí à ń jẹ, àti ìrọ̀rí tí à ń gbórí lé, àti irun orí ìyàwó mi, káńfọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń rùn. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ ẹnì kan tí òórùn yẹn sì gba imú mi, àyà mi á kọ́kọ́ le kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ìwọ náà á rántí ayé Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. O ò lè gbàgbé bí àwọn ènìyàn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀bà-Ilé wọ Àkúrẹ́, tí àwọn tó ní mọ́tò gbé e sí ìta tí koríko ń hù lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé lábẹ́ ìjọba ni mí nígbà náà. Mo ní tábìlì tèmi àti àga tèmi, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó mi fi ṣítáàṣì sí ọrùn rẹ̀ ni mo sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n pe àwa kan jọ, tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣì wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì mọ ibi tí mo ń lọ. Ìyàwó mi wò mí. Télọ̀ ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ariwo máṣíìnì yẹn ló ń bọ́ wa láti ìgbà náà, kò sì sí ìgbà tí mo gbọ́ ọ tí n kò rántí bẹ́ẹ̀.

Ìjọ tó ni kọ́tìnì yẹn ń múra àjọ̀dún ńlá, wọ́n sì fẹ́ ṣe eré ìtàn kan ní pápá ilé-ìwé wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ rí bí ogun ṣe kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè wọn láyé àwọn baba ńlá wọn, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn sójà tó ti Èkó wá la ọ̀nà gba inú igbó kọjá, tí àwọn oníwàásù sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, tó sì ti fẹ̀yìntì, ni olùdarí eré náà. Bàbá yìí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ohun tí kò bá ti ayé ìgbà náà mu. Ó mú àwòrán kan jáde láti inú ìwé ìtàn, ó gbé e síwájú ìyàwó mi. Sójà dúdú kan ló dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Ó dé fìlà dàrá pupa tó rí bí ife tí a dojú rẹ̀ dé, ó wọ ṣòkòtò búlúù tó fẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wù kékeré kan tí kò lápá lé orí ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kò sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìbàdí, tí okùn ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ ìyeyè rìn yí etí rẹ̀ ká. Wéskóòtù ni àwa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀wù àyà sójà ni bàbá náà ń pè é ní tirẹ̀. Ó ní ti àwọn sójà kékeré yóò ṣí sílẹ̀ níwájú, ti ọ̀gá wọn nìkan ni yóò ní bọ́tìnnì idẹ láti ọrùn dé ìdodo, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Ọ̀gá akọrin ìjọ náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àwọn sójà. Kò sí ẹlòmíràn tí wọn ì bá mú. Ọkùnrin náà ga, ó láyà, ohùn rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá kí ọ káàárọ̀, wàá rò pé orin ló fẹ́ gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ òmíràn. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń kọrin láti kékeré títí mo fi gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Bọ̀dá ni ó ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn méjèèjì pọ̀ nídìí ẹ̀wù yẹn, ìyàwó mi fi eyín di píìnì mú, ó ń fi téèpù yí àyà ọkùnrin náà ká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn ọkùnrin náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ti rí i tó ń wọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì ju iṣẹ́ lọ lójú mi. Ti ọjọ́ yẹn gún mi. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́, ó ní ohùn, ó ní èjìká, gbogbo ìjọ sì ń dìde fún un. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé ọmọ lé itan.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé èdè Oǹdó ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni mí. Nílé wa, bí ìyá mi bá fẹ́ sọ "ilé", "ulé" ni yóò wí, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ará Oǹdó bá ń sọ tiwọn kíákíá, mo lè mú ọ̀rọ̀ kan níbí kí n mú òmíràn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kí n tó so wọ́n pọ̀ wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Ìyàwó mi tí mo mọ̀ ní Àkúrẹ́ kì í rẹ́rìn-ín báyẹn. Èdè gbogboogbò ni a fi ń gbé pọ̀, èdè ilé-ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá dà bí ẹni pé yàrá kan wà nínú ìyàwó mi tí n kò wọ̀ rí, tí ọ̀gá akọrin sì ń wọ̀ ọ́ jáde bó ṣe wù ú.

Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi rán ti àwọn sójà kékeré tán. Ó gé wọn pọ̀, ó rán wọn pọ̀, wọ́n sì rọ̀ sára okùn nínú yàrá wa bí ẹran lẹ́nu àtẹ alápatà. Ti ọ̀gá wọn ni kò tán. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí a bá lọ sí Oǹdó, ọkùnrin náà á wọ̀ ọ́, ìyàwó mi á yí i ká, á fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi píìnì sí i, á ní kí ó bọ́ ọ. Tí a bá padà délé, á tú ojú rírán, á tún un rán. Sátidé tó tẹ̀lé e, ohun kan náà. Mo ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo ti bá a gbé, mo mọ̀ pé ìyàwó mi kì í wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún obìnrin tí kò rí sójú rí, aṣọ náà sì gbà á. Kí ló wá dé tí ẹ̀wù kékeré tí kò lápá yìí fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: kò fẹ́ kó tán. Bí ó bá tán, kò ní sí ìdí tí yóò tún fi gbọ́wọ́ lé àyà ọkùnrin náà.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, mo ṣe é bí ẹni tí kò bìkítà. Mo ní, "Ẹ̀wù yẹn kò tíì gba ọ̀gá yín ni?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó ti tóbi jù, Bàbá Bùsọ́lá. Mo fẹ́ fún un díẹ̀ sí i."

"O fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo mọ̀," ni ó wí, ó sì tẹ máṣíìnì.

Nígbà tí mo wá rí aṣọ tó tẹ́ sí inú ẹ̀wù náà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ó yí inú rẹ̀ síta láti fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, mo sì rí ilà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo mọ̀ lórí aṣọ funfun náà. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi ni. Èyí tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi lo fi sí abẹ́ ẹ̀wù ọkùnrin mìíràn?"

Ó gbé ayọ́ọ̀nù náà sílẹ̀. "Ọrùn rẹ̀ ti já, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣì dára. N kò rí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rà, àrán nìkan á sì máa jẹ ẹ́ lára."

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́ lára."

"Bàbá Bùsọ́lá."

"Tí wọ́n bá pè mí padà síbi iṣẹ́ lọ́la ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wọ̀?"

Ó tún gbé ayọ́ọ̀nù náà, ó ń lọ̀ ọ́ lọ. Lílọ̀ tó ń lọ̀ ọ́ lọ yẹn ló dùn mí jù, nítorí mo rí ìdáhùn nínú rẹ̀: kò sí ẹni tó máa pè mí, òun sì ti mọ̀. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé mi kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba kí èmi fúnra mi tó gbà pé mo ti kúrò. Mo jáde síta, mo dúró lábẹ́ ọrùlé àwọn aládùúgbò, mo ń wo bí òjò ṣe ń wọ inú gọ́tà.

Mo lè ní kí ó máa dá lọ sí Oǹdó láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ ṣe é. Owú kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó sílé. Mo ń bá a lọ, mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí pápá, mo ń ka gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wo ara wọn. Olùdarí eré rí mi bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú u. Ó sún mọ́ mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Àna wa, ẹ kò lè máa jókòó lásán lójú wa. Ọ̀gá sójà kò ní ẹni tí yóò ru àpótí rẹ̀. Ẹ wá bá wa rù ú." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀? Bí mo ṣe di aláàárù ọ̀gá akọrin nìyẹn. Ìró kékeré kan ni wọ́n ní kí n so mọ́ ìbàdí, ara òkè mi wà ní ìhòòhò, mo sì ní láti máa rìn lẹ́yìn ọkùnrin tí ìyàwó mi rán ẹ̀wù àrán fún, pẹ̀lú àpótí pákó lórí. Bàbá olùdarí tiẹ̀ ní kí wọ́n kó òkúta sínú àpótí náà kí ọrùn mi lè tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó dá mi lójú pé ìtìjú ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún mi. Mo ní gbogbo Oǹdó ló ti gbọ́ pé wọ́n dá mi dúró níṣẹ́, ni wọ́n ṣe wá iṣẹ́ tó bá ọwọ́ mi mu fún mi.

Sátidé tó kẹ́yìn ṣáájú àjọ̀dún, mo lọ pọn omi ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí wọn ní kọ̀rọ̀ ògiri yàrá àlùfáà. Ẹ̀wù náà wà lọ́rùn ọkùnrin náà, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyàwó mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, èdè wọn ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tó bi í léraléra: títí di ìgbà wo? Títí di ìgbà wo? Ọ̀gá akọrin fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí. Korobá tó wà lọ́wọ́ mi wúwo, n kò sì gbé e sílẹ̀. Mo yí padà, mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, mo bi í pé kí ló pa á lẹ́kún. Ó ní eruku àrán ló kó sí òun lójú. Ọ̀dọ̀ mi ló jókòó sí, apá rẹ̀ kan tèmi, òórùn káńfọ̀ ń ti ara rẹ̀ jáde, ó sì purọ́ fún mi. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé lẹ́yìn àjọ̀dún, èmi yóò dá a padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó máa kọrin.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé, oòrùn mú láti àárọ̀. Pápá kún dé etí. Àwọn ọlọ́jà, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wálé láti Àkúrẹ́, àwọn ọmọdé lórí ògiri. Nígbà tí àwọn sójà jáde láti ẹ̀yìn ilé-ìwé, ariwo sọ. Àrán pupa yẹn gba oòrùn, ó ń dán, okùn ìyeyè ń yọ lẹ́bàá rẹ̀, fìlà dàrá tò lọ bí òdòdó. Ọ̀gá akọrin wà níwájú. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ pé, "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wo ọkùnrin!" Èmi náà wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò, nítorí èmi ló tẹ̀lé e, òkúta lórí mi, òógùn ń ṣàn wọ ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀wù tí ìyàwó mi tún rán lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tí mo rí i tó fún un títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi gbà mọ́, ń mì lẹ́yìn ọkùnrin náà. Àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti ara rẹ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ sókè lókè àrán náà, òógùn tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń jáde lára àwa yòókù. A kò tíì rìn dé àárín pápá tí ìrìn rẹ̀ fi yí padà. Ó fa ẹsẹ̀ kan. Ó rọra yí orí, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí.

"Àna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi. Ojú mi ń ṣú."

Bí mo bá dúró síbi tí mo wà, yóò ṣubú lójú gbogbo ìlú, nínú ẹ̀wù yẹn, lójú ìyàwó mi. Èrò náà gba ọkàn mi kọjá, kò sì dúró, nítorí ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Mo fi ọwọ́ kan di àpótí mú, mo fi èkejì gbá a mú ní ìbàdí. Ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé mi. Kò wúwo. Ọlọ́run mi, ọkùnrin gàgàrà yẹn kò wúwo ju ọmọ ilé-ìwé lọ. Báyìí ni a ṣe rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé tèmi, ó sì ṣì ń gbé ohùn sókè, ó ń pàṣẹ fún àwọn sójà tó wà lẹ́yìn wa. Àwọn ènìyàn rò pé inú eré ló wà. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún aláàárù tó di ọ̀gá rẹ̀ mú. Mo gbọ́ tí olùdarí ń pariwo létí pápá pé, "Ta ló ní kí ó dì í mú? Kò sí níbẹ̀!" A kò dá a lóhùn. A rìn títí a fi wọ ẹ̀yìn kíláàsì àwọn ọmọ kékeré.

Mo gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì idẹ náà. Inú ẹ̀wù náà ṣí. Ṣẹ́ẹ̀tì mi ti rin gbindin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ihò abẹ́rẹ́ tò lọ ní ìlà, ìlà mìíràn tún wà nínú rẹ̀, òmíràn sì tún wà nínú ìyẹn, níbi tí ìyàwó mi ti ń tú u tó sì ń fún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìhà ọkùnrin náà wà, mo lè ka wọ́n. Mo kan dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi lórí bọ́tìnnì. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún mi mọ́ ìdí tí ẹ̀wù náà kò fi tán.

Ó la ojú. Ó ní, "Ìyàwó yín kò sọ fún yín?"

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ti ọkọ yàtọ̀." Ó wá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí èémí rẹ̀ ṣe ń gbé e. Nǹkan kan ló wà nínú ikùn rẹ̀. Àwọn dókítà ti ní kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì ń sún un síwájú, nítorí kò dá a lójú pé òun yóò jí lórí tábìlì wọn, ó sì fẹ́ ṣe àjọ̀dún yìí kí ó tó lọ. Bí ìjọ bá gbọ́, wọn yóò gba ipa náà lọ́wọ́ rẹ̀. Téèpù ìyàwó mi ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Bọ̀dá, ẹran ara yín ń lọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ sí ọsibítù. Títí di ìgbà wo ni yóò dúró dà?

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ǹṣì náà pẹ̀lú ìró mi. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé èjìká mi tó wà ní ìhòòhò. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tipẹ́. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, tó fi ìsinmi rẹ̀ wá ru ẹrù fún wa."

"Ìsinmi wo?"

"Ìyàwó yín ní ìsinmi tó gùn ni wọ́n fún yín, nítorí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún yín. Gbogbo wa la gbọ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá olùdarí fi ń ṣàwàdà pé bí ọwọ́ yín bá rọ̀ jù, òkúta yóò tún un ṣe."

Àṣé kò sí ẹni tó mọ̀. Ìtìjú tí mo ń gbé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní àpótí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo wo ojú ọkùnrin náà, ojú tí mo ti kórìíra fún oṣù bíi mélòó kan, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ìyá tó bí mi. Mo ní, "Kì í ṣe ìsinmi. Wọ́n ti dá mi dúró."

Ìró fèrè ń bọ̀ láti pápá, wọ́n ń bá eré lọ láìsí àwa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó yín bo àṣírí àwa méjèèjì nìyẹn." Ibẹ̀ ni a wà tí ìyàwó mi fi sáré wọlé, omi nínú ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù tó ṣí, ó wò mí nílẹ̀, ó sì mọ̀ pé a ti sọ ọ́ tán. Ó kúnlẹ̀, ó fún ọkùnrin náà lómi mu, ó wá fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi.

Nígbà tí a ń padà lọ, mọ́tò dúró ní Òwẹ̀nà, ó ra bọ̀ọ̀lì fún ọmọ. Mo ní, "O lè ti sọ fún mi. Ọkọ rẹ ni mí."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá sọ tirẹ̀ fún yín, báwo ni ọkàn yín ṣe máa balẹ̀ pé n kò sọ tiyín fún un?"

"Mo rí ọ tí o di ọwọ́ rẹ̀ mú."

"Mo mọ̀ pé ẹ rí mi. Mo rí korobá." Ó bu bọ̀ọ̀lì náà sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. "Ó dùn mí pé ẹ kò bi mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ bi mí, n kì bá tí sọ."

Má rò pé owú náà kú lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn yí ojú padà ni. Tẹ́lẹ̀, mo ń jowú ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà ọkùnrin mìíràn. Lẹ́yìn náà mo wá ń jowú àṣírí yẹn gan-an, pé ó gbé nǹkan tó wúwo bẹ́ẹ̀ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójoojúmọ́, tí kò sì jẹ́ kí ó jò sí mi lára. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀ tí mo lè bá a jà lé lórí.

Ọ̀gá akọrin lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Gbogbo wa ló rò pé kò ní padà. Ó padà. Ó sàn, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì tún nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Òun ló bá mi sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé kan tí wọ́n ń wá akọ̀wé, nítorí mo ti la ẹnu mi fún un pé n kò níṣẹ́. Bí a ṣe kó kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó nìyẹn, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo gbọ́ èdè wọn báyìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà kò tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fi ṣe ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ kò rọrùn láti sọ. Mo ti wá ẹ̀rí kiri nígbà náà pé ìyàwó mi fẹ́ràn ẹlòmíràn jù mí lọ, ohun tí mo sì bá pàdé ni irú ẹni tó jẹ́. Àwọn ènìyàn ń kó ọ̀rọ̀ wọn wá fún un nínú ṣọ́ọ̀bù títí di òní, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́rọ̀, ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń rù nínú aṣọ. Ó máa ń wọlé pẹ̀lú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo sì lè rí i lójú rẹ̀ pé ó gbé nǹkan. Ọkàn mi á ta díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n n kì í béèrè. Mo mọ̀ pé níbì kan, ẹnì kan ń béèrè nípa tèmi lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi ọgbọ́n wádìí, tó ń dúró de ìdáhùn, ìyàwó mi sì ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ mi.